Wàrà Ọjọ́ Kẹta

Bàbá kan wà ní Òkè-Àró níbí nígbà kan, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í bi mí ní iye tí mò ń ta wàrà. Imú ló fi ń nájà. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ mi, á tẹ̀ díẹ̀, á fa òórùn símú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní, "Ìyá Oníwàrà, èyí kò tíì mọ nǹkan kan. Ó dọ̀la." Bó bá wá dọ̀la tó tún fà á símú, tí iwájú orí rẹ̀ tú ká, mo ti mọ̀ pé kí n bu mẹ́rin sínú abọ́ rẹ̀. Wàrà ọjọ́ kẹta ni bàbá ń jẹ. Ó ní ti ọjọ́ kìíní, omi lásán ni. Ti ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì sọ parí ni.

Bàbá ti papòdà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó dúró níwájú mi tó ní wàrà ọjọ́ kẹta lòun fẹ́. Èyí tí kò rùn ni gbogbo wọn ń bèèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ní èyí tí kò lóòórùn rárá?" Mo mú èyí tó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà fún un. Ó gbé e símú, ó ní, "Ó ṣì ń rùn mílíìkì." Mo ní, "Ọmọ mi, màlúù ló sáà bí i." Ó rẹ́rìn-ín, ó ra méjì, ó sì ní kí n fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, ọ̀kan lórí èkejì, nítorí pé inú mọ́tò lòun tún ń lọ.

Ọ̀rá mẹ́ta yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Láti 1991 ni mo ti ń ta wàrà ní Òkè-Àró. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo sì ti mọ bí a ṣe ń bọ wàrà àná kó má baà di wàrà ẹ̀gbin. Nígbà tí mo dé ìhín, oko ló pọ̀ ju ilé lọ: pákí, àgbàdo, ọ̀pẹ, àti ọ̀nà eléruku tó gba Màtógùn lọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn là ń gbé, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣiṣẹ́. Orí wa ń sùn ní Ìfọ̀, ẹsẹ̀ wa ń jí sí Agége. Àwọn obìnrin Fúlàní máa ń ti gáà wá pẹ̀lú igbá lórí, wọ́n á fi ìdérí koríko bo wàrà tó léfòó nínú omi ara rẹ̀. Mo mọ gáà tí oníkálukú wọn ti ń bọ̀. Mo mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, mo mọ èyí tó máa ń bu omi kún mílíìkì, mo mọ èyí tí màlúù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí wàrà ẹni àkọ́kọ́ bá pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi tó ń rùn, mo mọ ohun tí òórùn náà ń sọ. Bí ti ẹni kejì bá rùn ní ọjọ́ kejì péré, mo mọ ohun tí ìyẹn náà ń sọ.

Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Wọ́n á gbé mílíìkì ka iná pẹ̀lẹ́, wọ́n á gún ewé bọmubọmu, wọ́n á fún omi rẹ̀ sí i, wọ́n á sì dúró tì í títí yóò fi dì. Oje igi yìí, bó bá ta síni lójú, a ó ké gbàjarè. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó ń hó ló ń tù ú lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi rẹ̀ ro, agbọ̀n á sì fi ìlà sí i lára bí ẹni kọlà fọ́mọ. Màlúù Fúlàní wa kì í fúnni ní mílíìkì púpọ̀, líta kan tàbí méjì lójúmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀. Ó sì ń lọ bíi líta 5 kí èèyàn tó rí kílò 1 wàrà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta wàrà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ bi í léèrè irú ẹran tó fún un.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe wàrà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Mo fi díndín kan lọ ìyá Fúlàní kan tí a jọ ń ṣòwò, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí wọ́n fún ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nọ́nọ́ lòun ń mu ní tòun, ó sì máa ń kan débi pé ojú mi a máa lé omi bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ lásán. Ó ní, "Ẹ̀yin Yorùbá lẹ fẹ́ wàrà. Àwa, mílíìkì la fẹ́." Mo rò pé ìgbéraga ló ń ṣe é. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òtítọ́ ni, àti pé inú ikùn ni òtítọ́ náà wà.

Ọmọ mi tó ka ìmọ̀ nípa oúnjẹ ní yunifásítì FUNAAB, Abẹ́òkúta, ló là mí lóye. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, ti ìdílé Abẹ́òkúta tí gbogbo wa mọ̀, ẹni tó padà di mínísítà ètò ìlera ní 1985, pẹ̀lú Norman Kretchmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwádìí kan jáde nínú The Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn. Ṣúgà inú mílíìkì ni wọ́n fi dán ikùn oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran ló lò ó láìsí wàhálà. Nínú àgbàlagbà Yorùbá àti Ígbò, agbára káká ni wọ́n fi rí èyí tí ikùn rẹ̀ gbà á. Bó bá wá di pé a fẹ́ ṣe wàrà, púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn ló ń bá omi rẹ̀ lọ. Èyí tó kù sínú rẹ̀, ohun tó ń mú kí wàrà kan ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí wàrà bá fi di ọjọ́ kẹta, ohun tó ń da ikùn Yorùbá láàmú ti dín kù nínú rẹ̀ ju ti ọjọ́ kìíní lọ. Mo rántí bàbá rélùwéè. Ó máa ń sọ pé tútù tútù yẹn máa ń mú inú òun kùn bí ẹ́ńjìnnì tó gbé ẹrù pọ̀. Àwàdà ni mo pè é. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti là mí lóye ni mo ti gbà pé ohun tí màlúù Fúlàní àti ikùn Yorùbá jọ fẹnu kò lé lórí ni à ń pè ní wàrà.

Àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin mọ ìpàdé yìí dáadáa. Wàǹgáṣì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá dé ọjà Dantokpa ní Kútọnu, ẹ ó rí i ní róbótó róbótó, ara rẹ̀ pọ́n, nítorí pé wọ́n ń fi èèpo pòròpórò ọkà bàbà pa á láró. Wọ́n tún ń sá a sóòrùn kó lè pẹ́ nílẹ̀. Èyí tí wọ́n sá yẹn máa ń le, ó sì máa ń ní òórùn tirẹ̀, èèyàn á sì rí ẹni tó ń ṣà á lẹ́ṣà. Ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀rá mẹ́ta wé e.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí imú wa níhìn-ín? Ọ̀pọ̀ èèyàn á dáhùn kíá pé ọ̀làjú ni, pé àwọn ọmọ ayé òde òní ti gbàgbé ilé. Mi ò gbà. Mo ti ń ta nǹkan olóòórùn fún àwọn èèyàn láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi náírà 1 wọ mọ́tò, mo sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti imú nìkan.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kì í ṣe pé Òkè-Àró kò mọ òórùn. Oko ẹlẹ́dẹ̀ tó wà ní agbègbè wa níbí wà lára àwọn tó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀nà ibẹ̀ fẹ́ lálẹ́, á sáré pa fèrèsé dé, á sì bi láńlọ́ọ̀dù rẹ̀ bóyá ṣáláńgá ló ya. Láàárín oṣù mẹ́ta, imú rẹ̀ á ti gbàgbé. Àwa tó ti pẹ́ níbẹ̀, àfi bí kò bá rùn la tó ń fura. Ní 2020 tí àìsàn ẹlẹ́dẹ̀ wọ inú oko náà, òórùn ikú ló kọ́kọ́ gba àdúgbò, lẹ́yìn náà ni òórùn tí a mọ̀ wá fúyẹ́ bí ẹni pé wọ́n pa iná. A ti mọ̀ pé owó àwọn kan ti wọlẹ̀ lọ kí rédíò tó sọ ọ́. Mo ní oníbàárà tó ní ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà, tí kò rí ẹyọ kan mú jáde. Imú ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ imú ẹni tó ti pẹ́ nílùú.

Ibẹ̀ ni mò ń lọ. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ó ní imú pẹ̀lú, kò fi gbóòórùn. Ohun tó ń rùn kò ní ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tó ti wá. Kíkan ni, àbí rírà? Ṣé òórùn wàrà tó ti gbó ni, àbí ti èyí tó ti ń fà bí ilá? Imú nìkan kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ó ní láti mọ ọwọ́ tó ṣe é, ẹni tó tà á, àti iye ọjọ́ tó ti lò. Òkè-Àró tí mo bá ní 1991, ilé mélòó kan ni. Gbogbo wa mọ ara wa. Òkè-Àró òde òní, Èkó ló tú wọlé tọ̀ wá wá: ayálégbé tó sá fún owó ilé ní Ọ̀gbà, ẹni tó ra ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì ní Àjùwọ̀n, ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Akúte. Ẹnì kan kò mọ ìyá ẹnì kejì. Àjèjì tó ń rajà lọ́wọ́ àjèjì, kí ni yóò fi dá ara rẹ̀ lójú? Á ní kí wọ́n fún òun ní èyí tí kò rùn. Ẹnu àìgbẹ́kẹ̀lé ni oúnjẹ tó tẹ́ bá mu.

Mi ò bú wọn. Èmi náà ti jẹ́ kí wọ́n rí ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé oníwàrà. Ní 1998, òjò ọjọ́ mẹ́ta ò jẹ́ kí n tajà. Wàrà kan wà lọ́wọ́ mi tí imú mi kọ̀. Mo bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú omi iyọ̀, mo dín in nínú epo pupa tó gbóná dáadáa, mo da ata lé e lórí, mo sì tà á. Epo gbígbóná lè pa òórùn mọ́, kò lè pa àìsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ oníbàárà mi kan yàgbẹ́ mọ́jú. Mo gbé owó lọ sílé wọn, mo bẹ̀bẹ̀. Ìyá ọmọ gba owó, kò sì rà lọ́wọ́ mi mọ́ títí tí wọ́n fi kó lọ. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ náà, ohun tí imú mi bá kọ̀, ajá ló ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ láti bá àwọn olùfẹ́ aláìlóòórùn rò. Wọ́n rò pé ohun tí kò rùn kò lè ṣeni ní nǹkan. Bí wọ́n bá délé, inú fíríìjì ni wọ́n ń sọ wàrà sí. Iná á dé, iná á lọ, iná á tún dé. Arákùnrin kan mú ìyàwó rẹ̀ dání wá bá mi jà lọ́dún kan, ó ní wàrà mi gbé òun dè sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní ìgbà wo ló rà á? A kà á títí, ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń pariwo pé, "Kò kúkú rùn kí n tó jẹ ẹ́!" Ìyẹn gan-an ni. Òtútù ti pa òórùn lẹ́nu mọ́, òórùn kò sì rí ọ̀nà kìlọ̀ fún un. Wàrà tó wà nínú omi rẹ̀ lórí àtẹ mi, tí mò ń bọ̀ lárààárọ̀, kì í lè purọ́ ọjọ́ orí fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti kọjá ọjọ́ kẹta, gbogbo ọjà ló máa gbọ́. Ọjọ́ kẹta yẹn, etí bèbè ni. Ìdí nìyẹn tí bàbá rélùwéè kò fi lè rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí òyìnbó ń jẹ wàrà tó rùn ju gbogbo èyí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Àwọn ará Yúróòpù ní èyí tí wọ́n ń pè ní Limburger, láti agbègbè Limburg tó pín sí Bẹ́ljíọ̀mù, Họ́láńdì àti Jámánì. Kòkòrò tíntín tó ń fún un ní òórùn, Brevibacterium linens, ọ̀kan náà ni ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń mú ẹsẹ̀ wa rùn nínú bàtà. Ọmọ mi sọ fún mi, mo ní irọ́ ni, ó fi ìwé hàn mí: ní 1996, Bart Knols àti Ruurd de Jong kọ ọ́ pé ẹ̀fọn tó ń fa ibà, Anopheles gambiae, ń fò tọ òórùn Limburger lọ bó ṣe ń fò tọ ẹsẹ̀ èèyàn. Iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀bùn apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń pè ní Ig Nobel ní 2006. Ní Òkè-Àró, a kò nílò Limburger ká tó rí ẹ̀fọn.

Oníbàárà mi kan ti London dé lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé Stilton bọ̀, wàrà tí búlúù là kiri nínú rẹ̀ bí iṣan. Bí ó ṣe bu ló jẹ́ kó níyì. Kí ó tó ti ọjà dé, ọkọ rẹ̀ ti gbé fíríìjì kúrò lára ògiri, ó ń wá èkúté tó kú. Ìyàwó sáré gbé e wá sọ́dọ̀ mi kí ọkọ má baà dà á nù. Mo tọ́ ọ wò. Kí n má purọ́, ojú mi kọ́kọ́ pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n mi dá a mọ̀. Irú ni. Irú tí wọ́n da iyọ̀ lé, tí wọ́n sì fi ọ̀rá rẹ́ lára. Mo sọ fún un, ó dákẹ́. Ó ní òun kò fọwọ́ kan irú láti ìgbà tí òun ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, nítorí pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ń pe òun ní ọmọ olóńjẹ, torí òórùn ọbẹ̀ ìyá òun ló máa ń wà lára yúnífọ́ọ̀mù òun.

Ó rọrùn láti fi obìnrin náà ṣe ẹlẹ́yà: ó sá fún irú, ó lọ fi owó pọ́n-ùn ra òórùn. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú mi. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ohun tí àgùntàn fi ń ṣèran wò ni ajá fi ń gbó. Ohun tí mo bi í ni pé, "Ìyàwó mi, báwo lo ṣe mọ̀ pé kò tíì bàjẹ́?" Ó fi ìwé tó wà lára rẹ̀ hàn mí. Ó ní abúlé tó bá wu oníkálukú kọ́ ló lè ṣe é, pé òfin ló ní àgbègbè mẹ́ta péré, Derbyshire, Leicestershire àti Nottinghamshire, ló lè pe tirẹ̀ ní Stilton. Mo lóye rẹ̀ wàyí. Lọ́hùn-ún, òǹtẹ̀ ló ń jẹ́rìí fún òórùn. Níbí, ojú ẹni tó ń tà á ni. Ojú yẹn ló ti sọnù láàárín wa, òǹtẹ̀ kò sì tíì dé. Àárín méjèèjì yẹn ni ọ̀rá mẹ́ta wà.

Fún àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti tán. Wàrà oníbébà onígun mẹ́ta tí wọ́n ya orí màlúù tó ń rẹ́rìn-ín sí, La Vache Qui Rit, èyí tí Léon Bel ti ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní 1921, ni wọ́n mọ̀ sí wàrà. Kò rùn, kò kan, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ahọ́n. Ọmọ-ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀, mo sì máa ń rà á fún un. Mo ti rí i tó ń fi búrẹ́dì nù ún jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ wàrà tèmi, bí ẹni tó jókòó ti odò tó ń mu omi inú ike.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí kò kan imú rárá. Àwọn tó ń gbé igbá wá kò wá mọ́. Ilẹ̀ tí màlúù ń gbà ti di ilé. Ní oṣù karùn-ún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní fífi màlúù jẹko ní gbangba gbọ́dọ̀ dópin. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, torí mo mọ àgbẹ̀ tí màlúù jẹ oko rẹ̀ tán, mo sì mọ ẹ̀jẹ̀ tó ti ta sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gáà tó kù nítòsí wa ti ká. Ní Òkè-Ògùn pàápàá, níbi tí mo ti ń rajà báyìí, ilé-iṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe Peak, ti ní ibùdó tí wọ́n ti ń gba mílíìkì tútù lọ́wọ́ àwọn darandaran. Obìnrin tó bá rí owó mílíìkì gbà láàárọ̀, kí ló fẹ́ fi iná àti bọmubọmu ṣe? Èmi náà ì bá tà á. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wàrà mi ti ń ti Ìsẹ́yìn bọ̀, ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ti sùn lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Tútù tí àwọn ọmọ ń bèèrè yẹn, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ẹnu lásán pè é ni.

Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wàrà sóyà ti kún ìgboro. Àwọn ará Ìlọrin ń pè é ní bẹ́skẹ́, wọn kì í sì fi pa mọ́ pé ẹ̀wà sóyà ni. Ó dára, ó ń yó ni, owó rẹ̀ kò ga. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n dín in, kí wọ́n sì pè é ní ti màlúù fún ẹni tí kò mọ̀. Ó sì rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, nítorí pé àwọn oníbàárà fúnra wọn ti ní àwọn ò fẹ́ òórùn kankan. Ẹni tó bá ti fi imú rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kò sí ohun tí a kò lè tà fún un.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ kí ẹ tó pè mí ní ìyá àná. Èmi fúnra mi, wàrà àárọ̀ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ nígbà tó ṣì ń dún kín-kín léyín, tí omi rẹ̀ ṣì dùn, láìdín in, pẹ̀lú ata gígún díẹ̀. Ọkọ mi ló ń jẹ kíkan, kò sì sí ohun tí kò sọ láti yí mi lọ́kàn padà; ọdún mẹ́rìndínlógún la fi jọ jiyàn lórí rẹ̀ kó tó kú, kò borí mi. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tó wù mí lẹ́nu ni mò ń gbèjà rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun oníkálukú, tirẹ̀ ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí ọkọ mi wà láyé, èmi yan tútù, òun yan kíkan, orí àtẹ kan náà la sì ti ń mú méjèèjì. Ọmọbìnrin inú kẹ̀kẹ́ márúwá yẹn kò yan nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bá a yàn án.

Mo ti pinnu láti tún máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀. Ọjọ́ Ajé ni ẹrù mi ń dé. Màá máa bọ̀ ọ́ lárààárọ̀ nínú omi rẹ̀, màá sì máa gbóòórùn rẹ̀ fún ara mi kí n tó gbé e síta. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọjọ́ kẹta wò, kó wá ní Ọjọ́rú, kí oòrùn tó ga. Kó mú abọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Èyí yìí, n kì í tà á sínú ọ̀rá.